Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Scrabble: Ẹ Fi Lẹ́tà Pín Wọn Kí Ẹ Tó Kọ́ Wọn

Bí ẹnì kan bá fẹ́ di ọ̀ta nídìí Scrabble, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kó ra díkíṣọ́nárì ńlá, kó ṣí i sí A, kó máa kà á lọ. Kò ní í dé B tí yóò fi sú u. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò gbé e. Àwọn tó ṣe díkíṣọ́nárì to ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ tó ń wá. Àpò Scrabble ní tiẹ̀ kì í fún èèyàn ní ọ̀rọ̀. Lẹ́tà méje ló ń fúnni, gbogbo wọn á sì dàrú mọ́ra. Ìbéèrè tó wà níwájú ẹ ni pé: àwọn lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ọ̀rọ̀ wo ni mo lè fi wọ́n kọ? Nítorí náà, lẹ́tà tí àwọn ọ̀rọ̀ jọ ní ló yẹ kí a fi pín wọn sí ìdílé-ìdílé kí a tó kọ́ wọn. Báyìí ni àwọn tó ń lọ sí ìdíje ṣe ń kọ́ ọ. Èmi náà yóò tò ó báyìí, láti orí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì títí dé onílẹ́tà méje.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Gẹ̀ẹ́sì òun kò jinlẹ̀ tó. Ní ọdún 2015, Nigel Richards, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ti èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Faransé. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ló kó sórí. Ọdún yẹn kan náà, ní Perth, Australia, ni Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, na Lewis Mackay ti ilẹ̀ England ní 4-0 nínú àṣekágbá ìdíje àgbáyé ti Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ohun tí àwọn oníròyìn sì sọ jù nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà nígbà náà ni pé wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kúkúrú, wọn kì í fi gbogbo ìgbà lé bónọ́ọ̀sì 50 tí ẹni tó lo lẹ́tà méje tán lẹ́ẹ̀kan ń gbà kiri. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún kan báyìí, FELTY, tí Jighere fi gba póìǹtì 36, wà lára èyí tí wọ́n gbé sínú ìròyìn.

Ìwé tó ń dá ẹjọ́

Kí ẹ tó kọ́ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ mọ ìwé tí wọ́n fi ń dájọ́ níbi tí ẹ ti ń ta. Ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, Collins Scrabble Words ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìwé tiwọn, ó sì kéré sí Collins. ZO, CH àti OU wà nínú Collins, wọn kò sí nínú ti Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹ ó rí i pé wọ́n ń sá fún ọ̀rọ̀ tó jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ níbi tiwa.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ díkíṣọ́nárì èyíkéyìí ti wọ Scrabble. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Oxford English Dictionary kéde pé àwọn ti gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 wọlé, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Danfo, okada, buka àti tokunbo wà níbẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ẹ gbé wọn lé bọ́ọ̀dù láìwo inú Collins, torí ìwé ọ̀tọ̀ ni. Collins náà sì ń yí padà: OK tí gbogbo ayé ń sọ lójoojúmọ́, ọdún 2019 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ń fi ìwé tó ra ní ọdún 2010 kẹ́kọ̀ọ́ yóò máa pàdánù ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ.

Ohun tó wà nínú àpò

Alfred Butts, ayàwòrán-ilé kan ní New York tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ọ̀dá owó ní ọdún 1930 sí òkè, ló dá eré yìí sílẹ̀. Ojú ìwé ìròyìn ló ti ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jáde kó tó pín wọn. Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12, tí A àti I fi jẹ́ 9 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí O jẹ́ 8. N, R àti T jẹ́ 6, 6, 6. L, S, D àti U jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. G jẹ́ mẹ́ta. J, K, Q, X àti Z jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù jẹ́ méjì-méjì, bílánkì, èyí tí a kò kọ nǹkan kan sí tó lè dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí, náà jẹ́ méjì, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 100.

Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀. C, Q, V, X àti Z kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá rárá. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ kọ́ a-b-d kò pàdé wọn. Àwọn gan-an ló ń fún ọ̀pọ̀ nínú wa ní wàhálà lórí bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdílé ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì wọn kò tóbi. Kíkọ́ wọn tán kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan lójúmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì

Nínú Collins, wọ́n lé díẹ̀ ní 120. Ẹ máà kọ́ wọn láti AA dé ZO. Lẹ́tà tó le ni kí ẹ fi pín wọn:

Q: QI nìkan.
C: CH nìkan.
V: kò sí rárá.
X: AX, EX, OX, XI, XU.
Z: ZA, ZE, ZO.
J: JA, JO.
K: KA, KI, KO, KY, OK.

Márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn tí Yorùbá kò ní, ẹ sì rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ni gbogbo wọn. V tí kò ní ọ̀kankan náà wúlò láti mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ti ọ̀nà kan pa kí ọ̀tá má baà gba ibẹ̀ kọjá, ẹ gbé V síbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo lẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn wọn, ẹ kọ́ àwọn tó jẹ́ fáwẹ̀lì lásán: AA, AE, AI, EA, EE, IO, OE, OI, OO, OU. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ ó fi máa da fáwẹ̀lì nù nígbà tó bá pọ̀ jù lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí kò ní fáwẹ̀lì: HM, MM, SH, ST, BY, MY, CH àti irú wọn. Àwọn tó kù, bíi HE, ON, IT, ẹ ti mọ̀ wọ́n láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò tíì ta pẹ́ lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì fẹ́ mú wá. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan yẹ̀ wò. Ká ní HOME wà lórí bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ gbalaja. Póìǹtì 9 péré ni HOME fúnra rẹ̀. Ẹ wá ní E, X, I, T lọ́wọ́. Ẹ to EXIT sí abẹ́ HOME gan-an, kí E wà lábẹ́ H, X lábẹ́ O, I lábẹ́ M, T lábẹ́ E. Bí ẹ bá wá ń kà á láti òkè sísàlẹ̀, HE nìyẹn, OX nìyẹn, MI nìyẹn, ET nìyẹn, gbogbo wọn ló wà nínú ìwé. EXIT fún yín ní 11. HE fún yín ní 5, OX 9, MI 4, ET 2. Àpapọ̀ rẹ̀ 31, láìtíì tẹ ilé aláwọ̀ kankan. Bí X yẹn bá wá bọ́ sórí ilé tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó kà á, nínú EXIT àti nínú OX, àpapọ̀ á sì di 63. Lẹ́tà mẹ́rin ni o! Ẹni tí kò mọ MI àti ET kò lè rí ibẹ̀ láéláé. Yóò lọ gbé EXIT sí ìta gbangba, yóò gba 11.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìdílé Q, Z, J, X àti V

Ní ilé ìwé wọ́n ní U kì í fi Q sílẹ̀. Nídìí Scrabble, irọ́ ni. Àwọn Q tí kò nílò U pọ̀, Mùsùlùmí láàárín wa sì ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti ilé kéú. QADI ni adájọ́ tí à ń pè ní Àlùkálì, QAID tó ní lẹ́tà kan náà sì ni olóyè láàárín àwọn Mùsùlùmí. NIQAB ni ìbòjú. TALAQ ni ìkọ̀sílẹ̀. WAQF ni dúkìá tí a fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ Ọlọ́run. FAQIR ni olùfọkànsìn tó sọ ara rẹ̀ di aláìní. Ẹ fi QAT, QOPH, CINQ, QANAT àti TRANQ kún wọn. Bí ẹ bá ti ní QI àti mọ́kànlá yìí, Q kò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́. Lẹ́tà tó ń jẹ́ 10 ni, bó bá sì ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́ nígbà tí eré parí, ọ̀rọ̀ tó ń dunni ni.

J náà ní ẹ̀ka kan tó wá láti Mẹ́kà: HAJ, HAJJ, HADJ, HAJI, HAJJI, HADJI. Ẹni tó ti ń pe Alájì láti kékeré kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìtumọ̀ wọn. Ohun tó ní láti mọ̀ ni pé gbogbo ọ̀nà tí àwọn òyìnbó gbà ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló wọlé. Lẹ́yìn wọn ni RAJ, TAJ, JEU, JUS, JUT.

Z: ADZ, BIZ, COZ, FEZ, FIZ, WIZ, ZAX, ZEE, ZEK, ZOA. ZAX lẹ́wà lójú mi ju gbogbo wọn lọ, torí Z àti X jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jẹ́ 19 kí a tó ka ilé aláwọ̀ kankan.

V ni mo rí i pé àwọn èèyàn ń fojú kéré. Kò sí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì tó lè gbà á, méjì sì ni nínú àpò. Nítorí náà, ẹ kó onílẹ́tà mẹ́ta rẹ̀ sórí dáadáa: VIA, VEX, VOW, VUG, IVY, OVA, EVE, REV, LEV, TAV, GUV, LUV.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èyí tí kò ní fáwẹ̀lì, èyí tó ní àníjù

Etí Yorùbá kì í gba kí kọ́ńsónáǹtì tẹ̀ léra wọn bọ̀ láìsí fáwẹ̀lì láàárín. A máa ń sọ BREAD di búrẹ́dì. Fún ìdí yìí, ojú wa kì í tètè rí CWM, NTH, TSK, BRR, SHH, PSST tàbí CRWTH kódà nígbà tí wọ́n bá tò sílẹ̀ níwájú wa. Ẹ kọ wọ́n sórí káàdì tiwọn lọ́tọ̀. Lẹ́yìn wọn, ẹ kó àwọn tí Y nìkan ń gbọ́ bùkátà wọn: HYMN, LYNX, NYMPH, CRYPT, TRYST, PYGMY, RHYTHM, àti MYRRH, òjíá tí àwọn amòye gbé wá fún Jésù.

Òdì kejì rẹ̀ ni kí fáwẹ̀lì márùn-ún kún ọwọ́ ẹ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, torí 42 nínú lẹ́tà inú àpò ni fáwẹ̀lì. Àwọn tó ń gbani sílẹ̀ ni AURA, AREA, AEON, EURO, OBOE, OUZO, IOTA, UREA, ADIEU, AUDIO, AERIE, MIAOU, OUIJA, QUEUE. Bí I bá di méjì: TIKI, TITI, INTI, ILIA. Bí U bá di méjì: ULU, GURU, TUTU, KUDU. Kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́tà kan níwájú, lẹ́tà kan lẹ́yìn

Ìdílé mìíràn ni èyí tí ọ̀rọ̀ kan wà nínú òmíràn, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè gba ọ̀rọ̀ tí ọ̀tá ti kọ, kó lẹ lẹ́tà kan mọ́ ọn, kó sì gba póìǹtì ọ̀rọ̀ náà àti ti tirẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí àárín, kí àwọn lẹ́tà tó lè ṣíwájú rẹ̀ wà lápá òsì, kí àwọn tó lè tẹ̀ lé e wà lápá ọ̀tún:

B F H M N T Y — ARROW — S Y

Ẹ kà á: BARROW, FARROW, HARROW, MARROW, NARROW, TARROW, YARROW, lẹ́yìn náà ARROWS àti ARROWY. Ìlà kan, ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án.

Èyí tí ẹnikẹ́ni lè rò fúnra rẹ̀, bíi CAR tó di CARD àti CARE, ẹ má fi ìwé ṣòfò lé e lórí. Èyí tí ohùn rẹ̀ ń yí padà pátápátá nígbà tí lẹ́tà bá wọlé ni kí ẹ lépa, torí etí kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dára níbẹ̀. OMEN di WOMEN. HOST di GHOST. HEAR di HEART. LUNG di LUNGE, ó tún di LUNGI. Ọ̀tá tó gbé OMEN kalẹ̀ tó fi àyè W sílẹ̀ ní gbayawu níwájú rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti ṣílẹ̀kùn.

Ní ti S, mẹ́rin péré ló wà. Kí ẹ máà ná an fún póìǹtì méjì tàbí mẹ́ta. Bí kò bá fi nǹkan bí 8 sí 10 kún ohun tí ẹ ì bá gbà láìsí i, ẹ fi pamọ́. Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ADVICES, EQUIPMENTS àti LUGGAGES wà nínú ìwé. Èyí tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì na èèyàn sí ní JSS2, òun ni yóò fún un ní bónọ́ọ̀sì lónìí. Ẹ gba S láyè lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé kò ní ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìwé wò kí ẹ tó lọ ìdíje.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ to lẹ́tà bí álífábẹ́ẹ̀tì

Èyí ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, ẹ tú u, ẹ to lẹ́tà rẹ̀ láti A lọ sí Z. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jọ ní àwọn lẹ́tà kan náà yóò bá ara wọn pàdé síbẹ̀. KOBO di BKOO. BOOK náà di BKOO. Owó wa àti ìwé, lẹ́tà kan náà ni wọ́n. OBA di ABO, BOA náà di ABO. Bẹ́ẹ̀ ni, OBA wà nínú Collins, ORISHA, NAIRA àti DASHIKI náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n gba S, gbogbo wọn.

Lójú káàdì, ẹ kọ lẹ́tà tí ẹ ti tò. Lẹ́yìn káàdì, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń tibẹ̀ jáde:

OPST: OPTS, POST, POTS, SPOT, STOP, TOPS.
AELST: LEAST, SLATE, STALE, STEAL, TALES, TEALS àti àwọn mìíràn.
AEPRS: PARSE, PEARS, REAPS, SPARE, SPEAR àti àwọn mìíràn.

Ẹ wo ojú káàdì, ẹ pe gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí ẹ yí i padà. Ìwúlò rẹ̀ yóò hàn nígbà tí lẹ́tà bá jáde láti inú àpò. Ẹ kọ́kọ́ tò wọ́n láti A sí Z lórí rákì yín kí ẹ tó rò ó. Ojú yín á rí AELST, ọkàn yín á dá a mọ̀ kíá, bí a ti ń dá ojú ẹni tí a mọ̀ mọ̀ nínú èrò. Ẹni tó ń yí lẹ́tà síwá sẹ́yìn kiri kì í ní ìpìlẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà nígbà gbogbo.

Iye ọ̀rọ̀ inú ìdílé náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá mọ̀ pé OPST ní mẹ́fà, ẹ kò ní í dúró lórí STOP nígbà tí ó jẹ́ OPTS ni yóò wọ ibi tí ẹ ń fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́tà mẹ́fà tó ń bí bónọ́ọ̀sì

Ẹni tó bá lo lẹ́tà méje tán lẹ́ẹ̀kan gba 50 lórí iye ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méje pọ̀ bí yanrìn, kò sí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ rẹ̀. Àwọn lẹ́tà mẹ́fà kan wà tí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo lẹ́tà tó bá kún wọn yóò di ọ̀rọ̀. Èyí tó lókìkí jù ni A, E, I, N, S, T:

D: INSTEAD, DETAINS, STAINED.
G: SEATING, TEASING.
K: INTAKES.
L: SALIENT, ENTAILS.
M: INMATES.
P: SAPIENT.
R: NASTIER, RETAINS, STAINER.
T: INSTATE.
U: AUNTIES.
V: NATIVES, NAIVEST.
Z: ZANIEST.

Kò sí èyí tó ṣàjèjì níbẹ̀ fún ẹni tó bá ti ka ìwé ìròyìn. Ohun tó ṣòro ni láti rí i nígbà tó bá wà ní AEIKNST. Nítorí náà, ẹ tún lo káàdì.

Ẹ jẹ́ ká ní Q, A, E, I, N, S, T ló wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò bínú sí Q, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀, àkókò wọn á sì lọ lásán. Ẹ wá ibi tí I kan wà lórí bọ́ọ̀dù tí iwájú rẹ̀ ṣófo. Ẹ gbé Q síwájú rẹ̀. QI jẹ́ 11, lẹ́tà kan péré ni ẹ ná, AEINST ṣì wà lọ́wọ́ yín digbí. Lẹ́tà kan ni ẹ ó tún mú látinú àpò, kò sì lè jẹ́ Q mọ́ torí ọ̀kan ṣoṣo ni. Ó kù díẹ̀ kí bónọ́ọ̀sì dájú.

Ìdílé kejì tí mo máa ń gbé fún èèyàn ni A, E, I, N, R, T: CERTAIN, TRAINED, GRANITE, MINARET, PAINTER, NITRATE, URINATE. Bí ẹ bá ti mọ méjèèjì, ẹ sinmi díẹ̀ ná. Ẹ lọ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú àwọn ìparí tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn: ING, IER, IEST. Tàbí OUT tí a lè fi síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe: OUTDO, OUTRUN, OUTBID, OUTEAT, OUTSIT. Mo sọ pé kí ẹ sinmi nítorí mo ti rí ẹni tó mọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méje tí kò mọ̀ pé KY wà. Ẹni bẹ́ẹ̀ á ní bónọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kò ní rí ibi tí yóò gbé e sí, torí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún onílẹ́tà méje.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é lójoojúmọ́

Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́rin ní ọjọ́ Sátidé lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì mẹ́wàá tuntun. Káàdì tí ẹ bá gbà, ẹ tún wò ó lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn náà lọ́jọ́ kẹta sí i, lẹ́yìn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí ẹ bá kùnà, ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àpótí bàtà tí ẹ pín sí mẹ́rin tó fún iṣẹ́ náà, bí iná kò bá sí tàbí tí dátà bá tán. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lè fi ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ Zyzzyva ṣe é. Ó ń to lẹ́tà láti A sí Z, ó ń béèrè, ó sì ń rántí èyí tí ẹ kùnà. Quackle, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta Scrabble, ni ẹ lè bá ta nígbà tí ẹ kò bá rí ẹnìkejì, yóò sì fi ibi tó dára jù tí ẹ ì bá gbé ọ̀rọ̀ sí hàn yín. Lórí ìkànnì Woogles ni ẹ ti lè bá èèyàn ta lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ ṣáà yan Collins kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máà kọ ìtumọ̀ sórí gbogbo káàdì. Ìtumọ̀ wúlò níbi tó bá ran ìrántí lọ́wọ́, tàbí tó bá sọ fún yín bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe ni, torí ọ̀rọ̀-ìṣe lè gba ED àti ING.

Fún àwọn tó ń ta Wordle, eré tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún kan tó fara pamọ́, ìdílé kan náà ló wà níbẹ̀, àmọ́ ó máa ń dì wọ́n mú. Bí ẹ bá ti rí IGHT ní ìparí, FIGHT, LIGHT, MIGHT, NIGHT, RIGHT, SIGHT, TIGHT, WIGHT àti EIGHT ló ń dúró. Ẹ má dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ FARMS, kó lè dán F, R, M àti S wò lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ọ̀tá bá kọ ohun tí ẹ kò mọ̀

Ṣálẹ́ǹjì, ìyẹn kí ẹ ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ tí ọ̀tá kọ wò nínú ìwé, ni ìbẹ̀rù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Bí ẹ bá ṣálẹ́ǹjì tí ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé, ọ̀tá yóò kó lẹ́tà rẹ̀ kúrò, òdo ni yóò gbà. Bí ó bá wà, ẹ̀yin ni ìyà yóò jẹ, bí òfin ibi tí ẹ wà bá ṣe sọ. Ẹ béèrè òfin náà kí ẹ tó jókòó, torí kò dọ́gba níbi gbogbo.

Bí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì bá wà níbẹ̀ tí ẹ kò dá mọ̀, tí ẹ sì ti kọ́ gbogbo wọn tán, ẹ ṣálẹ́ǹjì láìfòyà. Bí ó bá jẹ́ onílẹ́tà méje, ẹ to lẹ́tà rẹ̀ láti A sí Z lórí bébà ìkàmáàkì yín. Bí ẹ bá ti fi káàdì kọ́ ìdílé yẹn tí kò sì sí lára àwọn tí ẹ mọ̀, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá tíì kọ́ ọ rí, ẹ wo iye póìǹtì tó wà nílẹ̀: ọ̀rọ̀ 12 kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ jà, ọ̀rọ̀ 80 tó bẹ́ẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà kí ẹ yẹ ìwé wò, kí ẹ sì ṣe káàdì fún un.